Òru ń jẹ àwọn ọmọ ogun mi ní Wesnoth, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Olósùnta (Ìkéré), 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, Èkìtì kete. Mo mọ̀ pé àwa tó ń ṣe géèmù níbí kò pọ̀, àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti iye tí iṣu ń lọ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi fláàṣì gbé Battle for Wesnoth, géèmù ogun kan, wá fún mi láti Adó. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní jẹ dátà mi tó bá ti wà lórí láptọ́ọ̀pù. Òótọ́ ló sọ. Àwọn ènìyàn ni mò ń lò: ọlọ́kọ̀ (àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gúnni), ẹlẹ́ṣin, onídán. Àwọn Orc, ìran ẹhànnà kan nínú géèmù náà, ni mò ń bá jà.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ nínú géèmù, mo máa ń lé wọn bí ẹni lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Àmọ́ tí ojú ọ̀run bá ti dúdú, tí òṣùpá yọ, àwọn kan náà tí mò ń lé á yíjú padà, wọ́n á máa gún mi bí iyán. Lánàá, ọlọ́kọ̀ méje ló kọjá odò, méjì ló padà wálé. Mo ti ń rò ó pé kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe òjóró ni.

Ìbéèrè mi: ṣé òkùnkùn ni kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn mi ríran, tí ọwọ́ wọn fi ń tàsé? Ṣé iná kan wà tí mo lè rà fún wọn? Àbúrò mi ní kí n kàn lọ sọ géèmù náà di èyí tó rọrùn. Ojú ń tì mí láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 8:20 alẹ́

Kò sí òjóró níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo òkè lápá ọ̀tún, àwòrán kan wà níbẹ̀ tó ń fi bí àkókò ṣe ń lọ hàn. Ẹ gbé máòsì lé e. Tó bá jẹ́ òru, ẹ ó rí i pé lawful pàdánù 25%, chaotic jèrè 25%. Lójú ọ̀sán, ó yí padà. Àwọn èèyàn yín jẹ́ lawful, àwọn Orc jẹ́ chaotic. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sá wọlé. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n_Adó, 8:51 alẹ́

Kò tán o, àbúrò. Ohun tó o fi ìlà mélòó kan sọ yìí, ó pẹ́ kó tó yé èmi, torí náà jẹ́ kí n fẹ̀ ẹ́ fún un.

Ọmọ Olósùnta, òkùnkùn kò dí àwọn èèyàn rẹ lójú. Ilẹ̀ tí èèyàn dúró lé ló ń sọ bóyá ọ̀kọ̀ máa bà á tàbí kò ní bà á, kì í ṣe àkókò. Ọlọ́kọ̀ rẹ tó wà ní pápá gbalasa, ìgbà 60 nínú 100 ni ọ̀tá máa bà á. Tó bá gun òkè kékeré, 50. Tó bá wà nínú abúlé tàbí nínú odi, 40. Tó bá wà nínú omi, àní omi tí kò ju orúnkún lọ, 80. Lọ́sàn-án gangan bẹ́ẹ̀ ni, lóru dúdú bẹ́ẹ̀ náà ni. O ní odò lo kọjá lánàá, àbí? Mo ti mọ ibi tí àwọn márùn-ún yẹn kú sí.

Ohun tí òru ń yí padà ni bí nǹkan ṣe ń dunni tó nígbà tó bá ti bani. Géèmù ní lawful àti chaotic. Èmi ń pè wọ́n ní ará ọ̀sán àti ará òru, torí kì í ṣe pé àwọn kan dára tí àwọn kan burú. Mú bírò àti ìwé wá.

Ọlọ́kọ̀ rẹ ń gún lẹ́ẹ̀mẹta, 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Grunt wọn, ìyẹn Orc tó ń fi idà jà, ń ṣá lẹ́ẹ̀mejì, 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe wà nìyẹn ní ìdájí àti ní àṣálẹ́, nígbà tí àkókò kò ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án, 7 rẹ á di 9, 9 tirẹ̀ á di 7. Bí gbogbo rẹ̀ bá bà, o gba 27 lára rẹ̀, ó gba 14 lára rẹ. Lóru, 7 rẹ á di 5, 9 rẹ̀ á di 11. Ìwọ gba 15, òun gba 22. Àwọn méjì kan náà, ilẹ̀ kan náà, ohun ìjà kan náà. Owó wúrà 14 lo fi ra ọlọ́kọ̀, 12 ni Grunt. Ọjà tó o rà wọ́n ni òru wá sọ di gbàǹjo fún ọ. (Orí ẹ̀rọ tèmi ni mo ti ka àwọn nọ́ńbà yìí, ẹ̀dà tìẹ lè yàtọ̀ díẹ̀.)

Ọjọ́ kan nínú géèmù jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́fà, ìyẹn ìgbà mẹ́fà tó máa kàn ọ́ láti rìn: ìdájí, òwúrọ̀, ọ̀sán, àṣálẹ́, ìṣọ́ kìíní, ìṣọ́ kejì. Ka ọwọ́ rẹ. Tọ́ọ̀nù méjì péré ló jẹ́ tìẹ nínú mẹ́fà. Méjì jẹ́ tiwọn. Méjì tó kù ni ẹ jọ ń pín. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ni pé a máa ń lé ọ̀tá títí ọ̀sán fi lọ, torí a ti ń borí, ọwọ́ ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbóná. Àṣálẹ́ á wá bá wa níwájú ilé wọn. Ọ̀sán ni kó o ti máa wo ọ̀nà ilé, kì í ṣe ìgbà tí òṣùpá bá yọ. Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ.

Ìyálọ́jà_Ìkọ́lé, 9:08 alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọkọ mi ló kọ́ mi ní géèmù yìí, mo sì ti ń na ọkọ mi báyìí, torí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí i.

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìsá. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ìrìn. Ẹni tó ń lọ sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tó jìn, kì í ṣe ọjọ́ ọjà ló ń gbéra nílé. Ẹ ka ọ̀nà náà sẹ́yìn láti òwúrọ̀. Bó bá jẹ́ pé tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ọlọ́kọ̀ máa fi rìn láti odi yín dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí ẹ sì fẹ́ kó gún èèyàn ní tọ́ọ̀nù 8 tó jẹ́ òwúrọ̀, àṣálẹ́ ni kó ti jáde nílé, ní tọ́ọ̀nù 4. Òru ni yóò fi rìn. Ẹni tó bá ń dúró de ilẹ̀ kó mọ́ kó tó gbéra, àṣálẹ́ tàbí ìṣọ́ kìíní ló máa dé ibi ìjà, yóò wá máa pariwo pé kọ̀ǹpútà ń ṣe òjóró 😄

Bẹ́ẹ̀ náà ni rírà. Ní ọ̀sán, ìgbà tí ẹ rí i pé ẹ ń borí tí owó wà lọ́wọ́, ẹ máa ń ra ará ọ̀sán mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá máa débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rà wọ́n ní àṣálẹ́, tàbí nígbà ìṣọ́ kìíní pàápàá.

Ohun tó kù ni kí ẹ má rìn wọ ẹnu wọn lóru. Grunt ń rin ìṣísẹ̀ 5, èyí tó ń gun ìkookò ń rin 8. Nínú àtòjọ àṣẹ géèmù náà, ibì kan wà tó ń fi ibi gbogbo tí ọ̀tá lè dé hàn yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó parí tọ́ọ̀nù yín. Ẹ tò sí ìta ààlà yẹn, kí ẹ jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń dúró de mọ́tò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 9:11 alẹ́

Mo túúbá mà. "Sá wọlé" mi yẹn kúrú jù.

Baba_Ọdẹ (Ìjerò), 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú alẹ́. Ọmọọmọ mi ló ń ṣe géèmù yìí, ó ní kí n wá ka ohun tí ẹ ń sọ torí ó dà bí iṣẹ́ mi. Mo ti ṣọ́ òru ní àdúgbò wa kí wọ́n tó bí òun.

Láyé tiwa, a kì í lé olè wọ inú òkùnkùn. Ẹni tó bá dá lé e lọ ni a máa ń wá láàárọ̀. À ń dúró ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ògiri á wà lẹ́yìn wa, ẹnì kan ò ní jìnnà sí ẹnì kejì ju ibi tí ọwọ́ lè tó. Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Mo wo ohun tí ọmọ yìí ń ṣe lórí fóònù bàbá rẹ̀, gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí ìjàlọ. Mo ní ta ló kọ́ ọ níyẹn.

Ìbéèrè tèmi: ṣé òkùnkùn inú géèmù yín ń fi èèyàn pamọ́? Torí tiwa ń fi í pamọ́ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n_Adó, 10:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, bàbá, a dúpẹ́ púpọ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ilẹ̀ géèmù yìí pín sí onígun mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹni tó dá dúró, ọ̀tá mẹ́fà lè yí i ká. Ẹni tó ní ẹnì kejì lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n tò lọ́nà tó gún, ọ̀tá méjì péré ló lè dojú kọ ọ́. Wàyí o, ọlọ́kọ̀ tí kò tíì fara gbọgbẹ́ ní ẹ̀mí 36. Grunt méjì lóru, ṣíṣá mẹ́rin ni, 11 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta á gba 33. Ọlọ́kọ̀ yẹn ṣì wà láàyè! Àfi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bà á. Ní pápá gbalasa, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ ní bí ìgbà 13 nínú 100. Nínú abúlé, kò tó ìgbà 3 nínú 100. Ó ku ìkan: abúlé á tún dá ẹ̀mí 8 padà fún un nígbà tí tọ́ọ̀nù rẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí? Òru kò pa ọlọ́kọ̀ tó wà nínú ìlà, tí abúlé sì bò ó. Òru ń pa ẹni tí ọ̀tá mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún lè kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Olósùnta, márùn-ún tó kú sí odò yẹn, inú omi ni wọ́n wà, wọ́n dá dúró, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ìkan nínú mẹ́ta yẹn ṣeé fara dà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìsìnkú ni.

Ní ti ìpamọ́, bàbá: rárá, òkùnkùn kì í fi èèyàn pamọ́ níbí. Ìkùukùu kan wà tí wọ́n lè tàn bo ilẹ̀ ogun, ṣùgbọ́n ìyẹn ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Irú iwin kan péré ló wà láàárín àwọn òkú tó ń jagun nínú géèmù náà, Shadow lórúkọ rẹ̀, àti Nightgaunt tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn yẹn, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò ní rí wọn mọ́ àfi tí ọmọ ogun yín kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń gbà wá.

Baba_Ọdẹ (Ìjerò), 10:22 alẹ́

Irú àwọn yẹn wà níbí náà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 10:30 alẹ́

😂😂 Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa bá wá jókòó sórí òkè báyìí tí à ń dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ṣé kò ní di ogun Kírìjì? Ní 1877 ni àwọn baba wa bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká.

Ẹ̀gbọ́n_Adó, 10:34 alẹ́

Kò lè dà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìtàn géèmù yìí, iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n fún ọ ní òpin. Tó bá pé láìborí, o ti pàdánù. Jókòó lóru kan, ó dára. Jókòó lóru mẹ́ta, àkókò ló máa pa ọ́, kì í ṣe Orc.

Ohun kan tún wà. Kọ̀ǹpútà, bí mo ṣe rí i, kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àkókò sí. Bí ilẹ̀ mọ́, bí ilẹ̀ ṣú, ó ń bọ̀ ni. Torí náà tó o bá dúró dáadáa lóru, ara wọn á ti gbọgbẹ́ wá bá ọ ní ìdájí, láìsí abúlé lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara lò ń bá ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ ó wá máa lọ, ẹ ó máa bọ̀ bíi ti òkun. Nínú irú ìyẹn, ẹni tí kò bá sọ èèyàn nù nígbà ìpadàsẹ́yìn ló ń borí.

Ọmọ_Olósùnta (Ìkéré), 10:49 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ odò yẹn dùn mí torí òótọ́ ni 😩 Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìṣọ́.

Ṣé kí n kúkú fi àwọn ènìyàn sílẹ̀ ni? Mo rí i pé Elf, àwọn ará igbó inú géèmù náà, kì í ṣe ará ọ̀sán, kì í ṣe ará òru. Tí mo bá mú wọn, ọ̀rọ̀ òru ti parí nìyẹn, àbí?

Ẹ̀gbọ́n_Adó, 10:55 alẹ́

Ó parí lápá kan. Elf tó ń fi idà jà ń ṣá 5 lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀sán òun òru. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ọ pé Grunt tó dojú kọ ọ́ kò ní gba 25% tirẹ̀? 11 náà ni yóò fi ṣá Elf lóru. Ohun tí Elf gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ọwọ́ tìẹ kò ní rọ. Ó ṣì yẹ kó o wá igbó fún wọn, torí igbó ni ilé wọn.

Ẹlẹ́dírágónì, 11:02 alẹ́

Mo ń kọjá lọ ni. Ẹ wo àwọn Drake, ìran dírágónì. Ará ọ̀sán ni àwọn Drake fúnra wọn, ará òru ni àwọn alángbá Saurian tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà. Ọ̀sán, mo rán baba níṣẹ́. Òru, mo rán ọmọ. Ó dàárọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 11:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìkéré, tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ àwọn Orc, ẹ ó kan àwọn òkú, ìyẹn sì ni òru gidi. Ẹ má fi ọ̀kọ̀ gún egungun. Skeleton ń gbé 60% kúrò nínú ohun tó bá gún un, 40% kúrò nínú idà. Kùmọ̀ àti iná ló ń bà á nínú jẹ́. Heavy Infantryman ní kùmọ̀, owó wúrà 19. Mage, onídán yín, ní iná, 20. Ará ọ̀sán ni àwọn méjèèjì ṣá o, òru ń dín agbára wọn kù, àmọ́ ohun ìjà tó bá ẹran mu ló jù.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni Dark Adept, oníṣègùn aláṣọ dúdú yẹn. Idán rẹ̀ kì í wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé, ìgbà 70 nínú 100 ló ń bà, abúlé ò gba èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. 10 lẹ́ẹ̀mejì ni, lóru ó di 12. Ṣùgbọ́n kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́ fún ìjà àfọwọ́kàn. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn tí ẹ lù ú, ńṣe ló máa dúró tí yóò máa wò yín. Ẹlẹ́ṣin ni kí ẹ rán sí i. Tí Horseman bá sáré kọlu èèyàn, ọgbẹ́ á di ìlọ́po méjì, tirẹ̀ àti tẹni tó kọlù. Dark Adept kò sì ní nǹkan kan tó máa fi dá a padà! Lọ́sàn-án, 22 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀mí rẹ̀ kò ju 28 lọ.

Ẹ̀rín tó wà níbẹ̀: lóru gan-an, 14 lẹ́ẹ̀mejì ni. Mélòó ni 14 àti 14?

Ìyálọ́jà_Ìkọ́lé, 11:15 alẹ́

28. O ò sọ ìyókù o, ọmọ yìí. Lẹ́yìn tí Horseman bá ti pa á lóru, àárín egungun mẹ́rin ló dúró sí. Ẹṣin mélòó lo ti sọ nù báyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 11:16 alẹ́

Mà, ẹ má jẹ́ ká kà wọ́n.

Ìyálọ́jà_Ìkọ́lé, 11:31 alẹ́

Ọmọ Olósùnta béèrè iná láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Iná wà, ẹ kò kàn lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ máa tọ́ ọ ni. Mage tó bá dàgbà lè di White Mage, tó ń wo àwọn èèyàn yín sàn. Tí òun náà bá tún dàgbà, ó lè di Mage of Light. Ibi tí ìyẹn bá dúró, àtòun àti gbogbo ilẹ̀ mẹ́fà tó yí i ká, ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Lóru, ibẹ̀ á dà bí àṣálẹ́, ọwọ́ àwọn ará ọ̀sán yín kò ní rọ, ará òru tó bá wọ inú ìmọ́lẹ̀ yẹn á pàdánù èrè tirẹ̀ náà. Ní ìdájí àti ní àṣálẹ́, á dà bí ọ̀sán fún yín.

Iṣẹ́ ńlá ni láti tọ́ ọ débẹ̀. Ẹ máa fún un ní ọ̀tá tó ti ń kú lọ, kó jẹ́ òun ni yóò parí rẹ̀, bí ẹni ń bu ẹran fún àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í mọ́ láéláé, tí òru jẹ́ tọ́ọ̀nù gbogbo, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú àwọn ihò kan, àwọn ibi kéékèèké wà tí oòrùn ń gbà wọlé láti òkè. Ẹ jà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Adó, 11:44 alẹ́

Òótọ́ ni ìyá wa sọ. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀nà tí kò ná ọ ní nǹkan wà. Ta ni olórí ogun rẹ? Tó bá jẹ́ Lieutenant, ipele kejì ló wà, ọmọ ogun ipele kìíní tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gba 25% lórí ohun tó ń ṣe. Lóru, òru gba 25%, olórí dá 25% padà, ọlọ́kọ̀ rẹ padà sí 7. Fi í sí ẹ̀yìn ìlà, kó fara kan àwọn méjì tàbí mẹ́ta. Má jẹ́ kó wà níwájú, tó bá kú géèmù ti tán.

Ọmọ_Olósùnta (Ìkéré), ọjọ́ kejì, 9:26 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Lieutenant ni olórí mi lóòótọ́, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ láti agogo méje, ilé dúdú bí inú géèmù, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ya àwòrán ilẹ̀ náà sínú ìwé àwọn ọmọ.

Tọ́ọ̀nù 3, ọ̀sán. Orc kan ku ẹ̀mí 6, ó wà lódì kejì odò. Ẹ gbọ́, ọwọ́ ń yún mi. Ọlọ́kọ̀ mi kan lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rántí "mo ti mọ ibi tí àwọn márùn-ún yẹn kú sí". Mo fi í sílẹ̀.

Tọ́ọ̀nù 4, mo kó gbogbo wọn padà. Ìkan sínú abúlé, ìkan lọ́tùn-ún rẹ̀ lórí òkè, ìkan lósì rẹ̀, Lieutenant lẹ́yìn. Ẹlẹ́ṣin lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn.

Tọ́ọ̀nù 5, wọ́n dé, Grunt márùn-ún àti ẹlẹ́kookò kan. Méjì kọlu ẹni tó wà ní abúlé. 11. Ó tàsé. Ó tàsé. 11. Ó ku 14. Mo di ojú mi. Ọlọ́kọ̀ náà ń dá a padà, 7, 7. Abúlé fún un ní 8, ó di 22. Tọ́ọ̀nù 6, wọ́n tún wá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bà á, ó ku 11. Ìdájí mọ́ ọn lójú pẹ̀lú 19. Kò sẹ́ni tó kú! Òru àkọ́kọ́ tí kò sẹ́ni tó kú nìyẹn.

Tọ́ọ̀nù 8, òwúrọ̀. Mo tẹ Grunt àkọ́kọ́, Lieutenant wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i lójú mi, wọ́n kọ 10 lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀gbẹ́ ọlọ́kọ̀ mi. Mo ní kó kọlù ú. Láptọ́ọ̀pù bá kú. Bátìrì tán. Fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́, 9:29 alẹ́

Kò lọ. Ó máa ń fi ara rẹ̀ pamọ́ níbẹ̀rẹ̀ tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Tí iná bá dé, ẹ lọ sí Load, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Auto-Save sí, kí ẹ mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù.

Baba_Ọdẹ (Ìjerò), 9:35 alẹ́

Ọmọọmọ mi ń béèrè pé ẹlẹ́ṣin tó jókòó sọ́nà jíjìn yẹn ńkọ́, ṣé ó ti dé?

Ọmọ_Olósùnta (Ìkéré), 11:58 alẹ́

Iná ti dé. Mo ti rí i, tọ́ọ̀nù 8, oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ sọ fún un pé ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ lọ́nà.